Ìyàwó Ọmọ Mi Kì í Tọ́ Oúnjẹ Wò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Èyí kì í ṣe àlọ́. Ní Missouri City, ìlú Òyìnbó níbí, ni mo ti fojú mi rí i.

Révátì ni ìyàwó Ọlọ́runyọmí ọmọ mi. Ọmọ Íńdíà ni, ìhà gúúsù. Nọ́ọ̀sì ni, ó máa ń kánjú wakọ̀ bọ́ sórí títì freeway láàárọ̀, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ rẹ̀ fi ń yá. Kí n tó ṣàmín àdúrà mi, ó ti délẹ̀.

Àmọ́ mò ń ṣọ́ ọ. Á sọ hóró dúdú wínníwínní sínú òróró gbígbóná, wọn á máa ta bí ẹni pé wọ́n ń bínú sí mi. Á já ewé lára igi kékeré ojú fèrèsé. Ewé kí ni? Sẹ̀mó tí gbogbo ayé ń rò ní òkèlè, gbígbẹ ló ń yan án kó tó da omi sí i. Úpùmá ló ń pè é.

Mo gbójú fo gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í tọ́ ọ wò! Ìyá mi ti pa á lálọ́ fún wa lábẹ́ òṣùpá: ìyálé kan se oúnjẹ fún orogún rẹ̀, wọ́n ní kó tọ́ ọ wò, ó ní ehín ń dun òun. Òròmọdìẹ tó ṣa èérún rẹ̀ jẹ kò dìde mọ́.

Ni mo bá ń jẹ búrẹ́dì. Mo di ẹrù mi: bí kò bá tọ́ ọ wò lójú mi lọ́jọ́ Sátidé, ilé Mosúnmọ́lá ọmọ mi obìnrin ní Greenspoint yá.

Sátidé dé, mo dúró tì í títí ó fi sè é tán. Ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀.

“Mààmi, ẹ jẹun.”

“Ìwọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Ó wo ọkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n sọ Òyìnbó síra wọn.

“Mààmi,” ni Ọlọ́runyọmí wí, “ó ní èèwọ̀ ilé ìyá òun ni. Ẹni tó sè é kì í fẹnu kàn án kí àgbà tó jẹ. Àjẹkù nìyẹn. Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni.”

“Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Ó dáa. Màá kọ́kọ́ jẹ, òun náà á jẹ tẹ̀ lé mi. Bó bá jẹ́ ikú, a jọ ń lọ ni.”

“Ha, Mààmi!”

Mo pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, mo bù ú sẹ́nu. Révátì náà bù ú. A wo ara wa.

Kò níyọ̀ rárá! Ìdúró tí mo dúró lé e lórí ti jẹ́ kó gbàgbé. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín pa mí. Ẹni tó fẹ́ foúnjẹ pa èèyàn, ṣebí á kọ́kọ́ jẹ́ kó dùn!

Mo tú ẹrù mi. Èmi ni mò ń tọ́ iyọ̀ wò nílé náà báyìí. Àmọ́ ewé ojú fèrèsé yẹn, mo ṣì ń ṣọ́ ọ.