Ọjọ́ Tí Mo Gba Máòsì Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan kò bí wa. Ọmọ Kétu ni, láti ilẹ̀ Benin. Ọmọbìnrin Ìbàdàn ni èmi. Ní Libreville, olú ìlú Gabon, ẹni tó bá ti lè kí ọ ní "ẹ káàárọ̀" ti di ìbátan rẹ. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì sí ilé àwọn èèyàn ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gun òrùlé lọ de áńténà mọ́ òpó. Èmi ni mò ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mò ń fi máòsì ṣọ́ gbogbo áńténà wa lójú àwòrán ìlú. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ á ní àmì aláwọ̀ ewé, èyí tó bá kú á pọ́n. Bí ọ̀kan bá ti pọ́n, màá pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, òun á sì gbé àkàbà rẹ̀.

Ní àsìkò òjò kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí páànù ní àdúgbò Venez-Voir, ó já bọ́. Ọlọ́run kò jẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi dì í, egungun ti jinná, àmọ́ àwọn ìka ń gbọ̀n. Ọwọ́ òsì ló fi ń mu tíì, kó má baà dà á sára. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́ láyé.

Ọ̀gá wa, tó jẹ́ ọmọ Gabon, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí ẹ̀gbọ́n bá lè mọ iṣẹ́ ìdí kọ̀ǹpútà kí oṣù tó parí, òun á fi í ṣe ẹnì kejì mi. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, òun kò ní iṣẹ́ mìíràn tí òun lè fún un.

"Ìwọ ni kí o kọ́ ọ," ló wí.

Ọ̀sán la máa ń kọ́ ọ, nígbà tí àwọn tó kù bá ti lọ jẹun. Ní ọjọ́ kìíní, ó gbá máòsì náà mú bí ẹni gbá ẹ̀mú mú, gbogbo iṣan apá rẹ̀ sì dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Kò ní sá lọ."

"Kí ni àwọn Faransé ń pè é?"

"Souris. Eku."

"Háà! Èmi tí mo ti bá ológbò orí òrùlé jà títí, eku ló wá kù tí màá bá jà." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Bí ẹ bá ti máòsì lórí tábìlì, ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé ọwọ́ yín. Ẹ gbé ọfà lé áńténà kan, ẹ tẹ bọ́tìnì òsì lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti yàn án nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, kíákíá, á ṣí, ẹ ó sì rí ohun tó ń ṣe é. Bọ́tìnì ọ̀tún á to àwọn iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe sílẹ̀ fún yín, bíi kí ẹ pa á kí ẹ sì tún un tàn. Táyà kékeré tó wà láàárín, ẹ yí i síwájú, àdúgbò á sún mọ́ yín. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ ó rí gbogbo ìlú. Bí ẹ bá wá tẹ bọ́tìnì òsì tí ẹ kò tú u sílẹ̀, ohun tí ẹ dì mú á máa bá yín kiri.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló dà á láàmú. Bó bá fẹ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n láàárín ìkíní àti ìkejì, ìkejì á pẹ́ kó tó dé, kọ̀ǹpútà á sì rò pé ńṣe ló fẹ́ gbé nǹkan náà kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ kan ó wọ́ áńténà àdúgbò Charbonnages títí tó fi bọ́ sínú òkun lójú àwòrán.

"Yéè! Mo ti ri gbogbo wọn!"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo bá a gbé e padà sí èbúté.

Síbẹ̀, ohun tí òun mọ̀, èmi kò mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ mìíràn, áńténà kan pọ́n ní àdúgbò Derrière la Prison, mo sì ti ń wá ẹni tí màá rán lọ. Ó dá mi dúró.

"Fi í sílẹ̀ ná. Káfíńtà kan wà lábẹ́ ibẹ̀. Bó bá tan ayùn rẹ̀, iná á fà sẹ́yìn. Bó bá parí, á padà."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àmì náà fi padà sí àwọ̀ ewé. Ó mọ gbogbo òrùlé ìlú yẹn bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀gá wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kó ṣí áńténà Charbonnages. Ẹ̀gbọ́n gbé ọfà débẹ̀ dáadáa. Ó tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́, áńténà náà ṣípò. Nígbà kẹta, ìka mìíràn kan bọ́tìnì ọ̀tún, àkójọ iṣẹ́ já sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Òógùn ń sàn ní ọrùn rẹ̀. Fóònù orí tábìlì mi ń dún, oníbàárà kan ń bínú, ọ̀gá mí kanlẹ̀. Mo na ọwọ́, mo fa máòsì yọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí.

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ náà lé itan rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì bò ó. Ó wá sọ fún mi ní Yorùbá, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ọ̀gá má baà gbọ́:

"Mo ti fẹ́ẹ̀ rí i ṣe, àbúrò."

Ọ̀gá ní òun ti rí i. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n fún un ní owó tó tọ́ sí i, wọ́n sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi padà sí Kétu, ó ní ìyàwó òun, tó ń ránṣọ ní Venez-Voir, á tẹ̀ lé òun bó bá ti parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i pé ó dàbọ̀, ó ní, "O ṣeun, o gbìyànjú lórí mi." N kò lè wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, níbi tí mo ti ń wá nǹkan mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, mo ṣèèṣì ṣí ibi tí wọ́n ti ń tún máòsì ṣe. Mo rí ìlà kan níbẹ̀ tí èèyàn lè fà sí òsì tàbí sí ọ̀tún. Bí a bá fà á sí òsì, kọ̀ǹpútà á máa ní sùúrù láàárín ìtẹ̀ kìíní àti ìkejì. Mo fà á. Mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo dúró bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sunkún níbẹ̀ títí ẹnì kan fi wá béèrè bóyá ara mi kò yá.

Kí ọdún tó yí po, ẹ̀jẹ̀ ríru pa ẹ̀gbọ́n ní Kétu. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì kúrò ní Libreville. Mo lọ bá a kẹ́dùn. Láti ilé ni mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ, pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, àti pé ohun tí ì bá ràn án lọ́wọ́ wà nínú kọ̀ǹpútà tí n kò wá a. Kí n tó la ẹnu, ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá wá kí i ní Kétu ló ń sọ fún," ó ní, "pé òun ní àbúrò obìnrin kan ní Libreville tó kọ́ òun ní kọ̀ǹpútà. Ó ní, ọmọ yẹn ní sùúrù."

"Tàǹtí," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́..."

Ó rò pé omi ni mo fẹ́ tọrọ. Ó bu omi wá, mo sì mu ún. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Ó ṣì ń ránṣọ níbẹ̀, mo ṣì ń lọ kí i ní ọjọ́ Àìkú, n kò sì tíì sọ ọ́.