Ìrésà Ọ̀gá Akọrin

Títí di òní, bí mo bá rí ìrésà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́, inú máa ń bí mi. Ọ̀gá akọrin ìjọ wa ní Ìkọ̀lé kì í jẹ́ kí tirẹ̀ kúrò lápò. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú orin olóhùn mẹ́rin, kí wọ́n sì pín in fún fèrè àti fáólìnì.

"Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ ọ́," ni ó máa ń wí. "Ìwọ ò tíì tó ẹni tó ń lo bírò." Yóò wá fi àtàǹpàkò tẹ ìlà kan: "Afọnfèrè yìí ńkọ́? Ibo ni yóò ti mí?"

Oṣù mẹ́ta ni mo fi pín orin ìkórè. Mo kọ orúkọ mi sókè ìwé. Ó ní, "O káre, ọmọ mi," ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, mo yọjú wo ìwé iwájú afọnfèrè. Ó ti pa orúkọ mi rẹ́, ó fi bírò kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Mo lọ dúró láàárín àwọn tó ń kọ ohùn áótò.

Orin ń dùn títí a fi dé ẹsẹ kẹta. Mo ti gbàgbé pé ogún akọrin lè máa mí níkọ̀ọ̀kan. Afọnfèrè kan ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èémí rẹ̀ tán, fèrè dákẹ́, orin dàrú. Àlùfáà wo ọ̀gá, ọ̀gá nàka sí mi.

"Ẹ má bínú, sà. Uṣẹ́ ọmọ yìí ni."

Ìgbà kan ṣoṣo tó dá iṣẹ́ mi padà fún mi nìyẹn, níwájú gbogbo ìjọ.