Ẹni Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Ibùdó Rélùwéè

Orúnkún bàbá àgbà, bàbá tó bí dádì mi, ró kẹ́kẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró, ó di irin ẹ̀gbẹ́ mú. Ìgbálẹ̀ wà lábíyá rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, gbé ike omi tẹ̀lé e. Òórùn epo dúdú àti irin tó ti dípẹtà ń fẹ́ bọ̀ lókè.

Lápá Agége ni ibùdó rélùwéè kékeré náà wà, lórí òkìtì gíga, kí ọkọ̀ ojú irin lè gba òkè títì kọjá. Ọkọ̀ ò dúró níbẹ̀ mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìwé dé pé wọ́n ti tì í, kí kálukú máa lọ ilé. Àwọn yòókù lọ. Bàbá àgbà kọ̀. Nínú iṣẹ́ wọn, o ò gbọdọ̀ fi ibùdó sílẹ̀ àfi bí ẹni tó máa rọ́pò rẹ bá dé, tó wo gbogbo nǹkan yíká, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Mo gbà á.” Ìwé ò lẹ́nu. Nítorí náà, láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa ní Akowonjo lọ gbálẹ̀ ibẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti yí. Ó máa ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé orí rẹ̀ pé.

Dókítà ti kìlọ̀ pé bó bá ń gun àtẹ̀gùn yẹn, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè rìn mọ́. Dádì mi bẹ̀ ẹ́ títí.

“Ta ló gbà á lọ́wọ́ mi?” Èsì rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, a ò tíì dókè tí màmá àgbà, ìyàwó rẹ̀, fi bá wa. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.

“Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn jàre.”

Ó wo gbogbo bẹ́ǹṣì. Ó fọwọ́ ra fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

“Eruku ṣì wà níbí o.”

Bàbá àgbà yára nù ún. Màmá àgbà wá na ọwọ́.

“Mo gbà á.”

Mo rò pé bàbá àgbà máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ṣé gbogbo rẹ̀ pé?”

“Ó pé, sà.”

Ó ṣí fìlà, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó sùn títí oòrùn fi mú. Inú mi dùn, mo sáré lọ sọ fún màmá àgbà. Kò sí nílé. Ìgbálẹ̀ náà ò sí nílé.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí. Mi ò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí ẹni tó kàn á fi dúró níwájú mi, tó sọ pé òun ti gbà á. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé bàbá àgbà ló kọ́ mi. Màmá àgbà ni. Kò fẹ́ràn rélùwéè rárá. Ó kàn jẹ́ pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á.