Ọ̀já Tí Wọ́n Fi Di Ọwọ́ Òsì Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rù láyé kì í ṣe òkùnkùn, kì í ṣe ajá, kì í sì í ṣe olùkọ́. Ọwọ́ òsì ara mi ni mo bẹ̀rù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí sí kóòṣì àgbà tó fi bí ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní béèsìbọ́ọ̀lù ní Houston níbí, tó ń tilé délé wá àwọn ọmọ tí apá wọn yá, ẹ lè rò pé ìdùnnú ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ni tèmi fi bẹ̀rẹ̀.

Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí, la ń gbé, nínú àpátímẹ́ǹtì kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. La Porte ni bàbá mi ń bá wọn ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́míkà, ìyá mi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò máa mójú tó mi nílé, bàbá mi ránṣẹ́ sí ìyá tó bí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀. N kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Ọjọ́ kejì tí Ìyá àgbà dé ni wọ́n rí mi tí mo fi òsì bu ìrẹsì sẹ́nu, ni wọ́n bá figbe ta.

"Haa! Ṣàtánì ló ń fi òsì jẹun o! Ta ló tọ́ ọmọ yìí?"

Ìyá mi wo ilẹ̀. Ìyá àgbà bá wọ yàrá, wọ́n gbé ọ̀já aláró kan jáde, èyí tí wọ́n mú ti ilé wá pé àwọn yóò fi pọn àbúrò mi bí Ọlọ́run bá fi ọ̀kan ta wá lọ́rẹ. Ọ̀já náà ni wọ́n fi di ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n ta á ní kókó lẹ́yìn níbi tí ọ̀tún mi kò lè dé. Láti ọjọ́ náà, a ò jẹun kí wọ́n má kọ́kọ́ dì mí. Wọn kì í fi ìbínú dì mí o. Wọ́n á máa ki Bísímílà, wọ́n á máa pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún fi ẹran kún àwo mi. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rù náà wọ̀ mí lára, nítorí mo rí i pé àwọn tó fẹ́ràn mi ni ọwọ́ mi ń dẹ́rù bà.

Bàbá mi ní tiwọn kì í na ọmọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí bí ọwọ́ burúkú náà bá yọ síwájú kí n tó mọ̀, pàápàá níwájú àlejò: "Ọwọ́ wo nìyẹn?" Ohùn wọn kì í ròkè. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá sáré fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn. Wọ́n á wá fi òwe kún un pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nígbà tó yá, bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ wọn nísàlẹ̀, màá yára jókòó lé ọwọ́ òsì mi, kó má baà ṣe nǹkan kan tí n kò rán an.

Mo kọ́ bí a ti ń fi ọ̀tún jẹun, mo fi ọ̀tún kọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé tí mo ń kọ dà bí ibi tí adìyẹ tú ilẹ̀ sí. Gbogbo ilé ní Alihamudulilahi, ọmọ ti dáa. Èmi náà fẹ́ẹ́ gbà á gbọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí olùkọ́ eré ìdárayá tò wá sórí pápá, tó ní kí oníkálukú ju bọ́ọ̀lù kékeré funfun kan. Mo fi ọ̀tún ju tèmi. Bọ́ọ̀lù náà ò lọ jìnnà tó fi já bọ́, àwọn ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ yẹn wò mí títí, ó ní, "Try the other one." Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo títì bóyá ọkọ̀ bàbá mi ń kọjá, bẹ́ẹ̀ La Porte ni wọ́n wà, ó jìn sí wa gan-an. Mo wá jù ú. Ọmọ tó ń hán an ké, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: inú mi ò dùn. Ẹ̀rù ló bà mí. Ó dà bí ìgbà tí mo jalè tí kò sì sẹ́ni tó mú mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ eré yìí, ẹnì kan máa ń dúró lórí òkìtì kékeré, á máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú, tó fẹ́ gbá a. Ẹni tó ń jù ú ni pítíṣà. Ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, nítorí náà bí ẹnì kan bá ń fi òsì jù ú, ojú onígi kì í tètè mọ́ ọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni gbogbo kóòṣì ń wá kiri. Ohun tí wọ́n ń dì lókùn nílé wa ni wọ́n ń fi àtùpà wá níta.

Ọdún méje ni mo fi pa á mọ́. Mo sọ fún wọn nílé pé lẹ́sìnnì ìṣirò ni mo ń dúró gbà. Yàrá ìfọṣọ tí gbogbo wa jọ ń lò nísàlẹ̀ ni mo ń tọ́jú ìbọ̀wọ́ mi sí, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìkẹyìn. Ìyá mi rí yẹ̀pẹ̀ lára ṣòkòtò mi, wọ́n fọ̀ ọ́, wọn ò bi mí. Alaalẹ́ ni mo ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n jù ú dáadáa débi tí ìròyìn yóò fi délé.

Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà yẹn. Ní ọdún tí mo fẹ́ẹ́ parí ẹ̀kọ́ girama, bàbá òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lẹ́yìn wáyà nígbàkígbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ìwé kékeré àti ẹ̀rọ tó ń sọ bí bọ́ọ̀lù ti yára tó. Àwọn ni kóòṣì tó ń kọ́ àwọn pítíṣà ní yunifásítì kan, àwọn náà ló sì ń wá ọmọ. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ wá rí àwọn òbí mi ní Sátidé.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní bí wọ́n bá délé wa, kí wọ́n má dárúkọ òsì, kí wọ́n kàn máa pè é ní apá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá rí ojú mi, ẹ̀rín náà sì kú. Wọ́n ṣèlérí. Bí bàbá mi bá gbọ́ pé òsì ni, ó lè jẹ́ ọjọ́ yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ gíga mi yóò parí kó tó bẹ̀rẹ̀, tí ọwọ́ mi náà yóò sì padà sínú ọ̀já. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ẹnì kan ń bọ̀ láti yunifásítì nítorí ọ̀rọ̀ ìwé mi. Inú wọn dùn, wọ́n wọ jalabíà funfun. Ìyá àgbà din mọ́sà.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé, ìrètí mi wó. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé apá ọ̀tún bàbá òyìnbó, wọ́n sì fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn wọn. Ìgbọ̀nwọ́ tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ là lọ́sẹ̀ náà. Bàbá mi ń bọ̀ wá kí wọn, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá òyìnbó rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n na òsì.

Ọwọ́ bàbá mi dúró lófuurufú. Ìyá àgbà sọ ọ́ lẹ́nu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Asitagifirulai." Bàbá mi fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n ní, "Sit down, please."

Bàbá òyìnbó ò yẹ àdéhùn. Apá ni wọ́n ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní apá ọmọ yìí, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ọmọ náà yóò sì kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi gboyè. Bàbá mi fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n wá béèrè pé, "Which hand?" Bàbá òyìnbó wo ojú mi. Wọn ò fẹ́ purọ́, wọn ò sì fẹ́ dà mí. Wọ́n ní kí bàbá mi bi èmi fúnra mi.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ọwọ́ wo?"

"Òsì ni, sà."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá. Mo ní ó tán. Ìyá àgbà wá fi àgbọ̀n tọ́ka sí apá tó wà lọ́rùn bàbá òyìnbó, wọ́n ní, "Bi wọ́n, kí ló ṣe ọ̀tún wọn?" Mo bi wọ́n. Bàbá òyìnbó ní nígbà tí àwọn kéré, apá náà ń dun àwọn bí àwọn bá ju bọ́ọ̀lù, àwọn ò sì lè sọ, nítorí àwọn bẹ̀rù bàbá àwọn ju ìrora lọ, títí ohun kan fi já nínú ìgbọ̀nwọ́ náà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá àgbà. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ìgbà yẹn ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo ti jókòó lé ọwọ́ òsì mi látìgbà tí àlejò ti wọlé.

"Dìde lórí ọwọ́ rẹ," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọkọ mi. Mo rò pé àwọn èèyàn á ní mi ò kọ́ ọ."

Bàbá mi padà dé. Gíláàsì ojú wọn àti kálámù ni wọ́n lọ mú. Ibi gbogbo tí bàbá òyìnbó fi hàn wọ́n ni wọ́n fọwọ́ sí, wọn ò yára. Nígbà tí wọ́n parí, Yorùbá ni wọ́n sọ sí mi: "Mo ti fọwọ́ sí i. Máa lọ. Ṣùgbọ́n má fi ọwọ́ yẹn júwe ilé mi fún ẹnikẹ́ni." Títí wọ́n fi kú, wọn ò wá wò mí lórí pápá lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí báyìí.

Ẹ mọ ìyókù. Mo jù ú títí apá fi rẹ̀ mí, bàbá òyìnbó sọ mí di igbákejì wọn, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, ipò wọn kàn mí. Pálọ̀ tí mo ti jókòó láti Alief títí dé La Porte kò lóǹkà. Àwọn kóòṣì yòókù máa ń bi ọmọ bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti yára tó. Èmi á bi í pé níbo ló ń dùn ọ́, ta lò ń bẹ̀rù nílé? Gbogbo wọn ló ń sọ pé kò sí. Ọmọ kan wà tí mo bi lẹ́ẹ̀mejì, tó ní kò sí, tí mi ò bi lẹ́ẹ̀kẹta. Lórí pápá, mo gbọ́ bí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti dún láti ibi tí mo jókòó. Ìró yẹn ṣì máa ń jí mi lójú oorun.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí fún yín ni ohun tí mo rí ní ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan tí a jọ ń kírun ní Alief pè mí wá jẹun. Ọmọ wọn, tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ, jókòó sídìí tábìlì, wọ́n fi ìborùn ìyá rẹ̀ di ọwọ́ kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

Mo ní kí ló dé. Bàbá ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Daddy, ẹ má worry. Right ni mo tie, kì í ṣe left. Na lefty them dey find! Ṣebí ẹ̀yin náà, òsì lẹ fi dé ibi tí ẹ dé? Scholarship, Daddy!"

Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọmọ náà wò mí, mo sì mọ ojú yẹn. Mo kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún ríro, mo ń wá kókó aṣọ náà, ó sì pẹ́ kí n tó tú u. Nígbà tí mo tú u tán, ọmọ ò gbé ọwọ́ náà kúrò níbi tó wà. Bọ́ọ̀lù kan kì í wọ́n nínú àpò mi, mo yọ ọ́, mo ní, "Gbà."

Kò gbà á. Ó kọ́kọ́ gbójú sókè sí bàbá rẹ̀. "Daddy, which hand?"

Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ máa ń sọ fún mi pé ayé ti yí. Mo gbà. Nígbà tèmi, òsì ni wọ́n ń dì, lónìí ọ̀tún ni, tó bá sì di ọ̀la, mi ò mọ ohun tí ẹ máa dì. Kò sí ẹni burúkú nínú wa: ẹ̀rù ló ba Ìyá àgbà, ẹ̀rù ló ba bàbá mi, ẹ̀rù náà ló ń ba ọmọkùnrin yẹn pé ọmọ òun ò ní rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ la ń gbé e lé lórí. Ẹ má sì rò pé ó ń tán bí a bá dàgbà. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí òsì bọ́ tó sì bọ́ ọmọ mi, ẹ bi mí pé níbo ni àpátímẹ́ǹtì bàbá mi wà ní Alief. Ọwọ́ ọ̀tún ni màá fi júwe rẹ̀ fún yín.