Ìwé Alágbàtọ́ tí Mo Kọ fún Yèyé

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Gbogbo àdúgbò wa ní Ifangni ló ń pè é ní Yèyé. Kò rí ọmọ bí, ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi mú mi lọ fún un nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Aránṣọ ni ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni mo mọ̀ ní òbí, ilé wọn oníyàrá méjì ni mo sì mọ̀ nílé.

Àsìkò rẹfolúsíọ̀n, ìyípadà tí ìjọba ológun gbé dé, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìjọba kó àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ sí abúlé láti máa kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, Lagbé ni wọ́n fi èmi sí. Tí ọ̀sẹ̀ bá parí, mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá sílé. Lọ́jọ́ kan tí mo dé, mi ò bá Yèyé nílé. Ọkọ rẹ̀ ní kí n lọ wò ó ní ilé ìwé tí mo ti ṣe ní kékeré. Ibẹ̀ ni mo ti bá a, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ tí ó fi aṣọ bò. Ó ní òun gbé oúnjẹ wá fún ọmọ òun, ṣùgbọ́n wọn ò tíì jáde. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá tí mo ti kúrò nílé ìwé yẹn.

Ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ó ń bò ó mọ́ra ni. Òun ló ń dáná, tó sì ń sọ fún àwọn àlejò pé Yèyé ló sè é. Nígbà tí òun náà ṣàìsàn, tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́, kò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. A gbé òkú rẹ̀ wá sílé, a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Yèyé bu omi fún gbogbo àwọn tó wá kí wa. Nígbà tó yá, ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó rọra bi mí pé, "Òkú ta ni wọ́n ń sin?"

Mo sọ fún un. Ó mi orí bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn kẹ́dùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní ọkọ òun lọ sí Àjàṣẹ́ lọ ra òwú, kò ní pẹ́ dé.

Ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ kò pọ̀: ilé yẹn, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, kẹ̀kẹ́ kan, àti oko ọ̀pẹ kan ní Ko-Koumolou. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní Banigbé, fi ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gba oko náà, nítorí opó tí kò mọ òní yàtọ̀ sí àná kò lè ní oko. Mo lọ bá dẹlẹgé, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa. Ó ní, "Kámárádì olùkọ́, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nìyí. Ìyá ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́. Àfi kí ilé ẹjọ́ yan alágbàtọ́ fún un, kí ẹni náà máa dúró fún un lórí ogún yìí. Ìwọ tó mọ̀wé, lọ kọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, ìwé ìpàdé ẹbí tí ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ ìka sí, àti lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́. Orí tábìlì ìránṣọ ni mo ti ń kọ wọ́n, mo fi kábọ́nù sáàárín kó lè di ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí mo gbọ́dọ̀ lò: incapable, ẹni tí kò lè. Mo gbé bíìkì tí mo fi ń kọ̀wé dúró. Yèyé jókòó sí iwájú mi, ó ń yin àgbàdo. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára ju tèmi lọ, hóró kan kò sì bọ́ sílẹ̀. Mo wò ó títí kí n tó lè kọ ọ̀rọ̀ náà. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, mo kọ ohun tí gbogbo wa ń kọ nígbà náà: a ti wà ní ìmúrasílẹ̀ fún rẹfolúsíọ̀n, ìjà ń tẹ̀ síwájú. Ó ṣe mí bákan láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ parí ohun tí mo kọ nípa rẹ̀.

Nígbà tí mo dé orí àkọsílẹ̀ ẹrù, mo ń pè é sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ní, "Kẹ̀kẹ́ kan."

Yèyé ní, "Má kọ kẹ̀kẹ́ sí i."

"Kí ló dé, Yèyé?"

"Tó bá dé, kí ni yóò gùn lọ sóko?"

Mi ò kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ tí mo mú lọ sí ilé ẹjọ́ kò ní kẹ̀kẹ́ nínú. Àṣìṣe ni lójú òfin, mo sì mọ̀.

Ìka àbúrò ọkọ rẹ̀ ló kù. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a ní Banigbé. Àgbẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò tó wọn. Kò bú mi, ṣùgbọ́n kò wo ìwé náà. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ò kórìíra ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n oko bàbá wa ni oko yẹn. Tí mo bá tẹ ìka sí èyí, kí ni màá sọ fún àwọn ọmọ mi?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ kàn wá wò ó. Ìgbà tí ẹ rí i kẹ́yìn, ọjọ́ ìsìnkú ni."

Ó wá ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ púpọ̀. Mi ò ronú nípa ìyẹn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà tí Yèyé sì gbé ojú sókè. Yèyé dìde. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ́ o. Ẹ pẹ́ púpọ̀. Òwú wo lẹ ń rà láti ìgbà yìí?"

Ọkùnrin náà wò mí. Yèyé gba fìlà lórí rẹ̀, ó fi í kọ́ sórí ìṣó tí fìlà ọkọ rẹ̀ máa ń wà. Ó gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ilá fún un, oúnjẹ tí mo sè fún Yèyé fúnra rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń sọ fún un pé òjò ti ya igun ilé, pé ẹnì kan wá béèrè ṣòkòtò, pé òun kì í sùn dáadáa tí kò bá sí nílé. Ọkùnrin náà ń jẹun. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú abọ́, Yèyé kò sì rí i, tàbí ó rí i tí kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ó ṣe tán, ó ní, "Mo ń bọ̀." Yèyé ní, "Dàkọ́ọ̀, ó dáa, ẹ má pẹ́." Ọkùnrin náà bá mi jáde síta, ó tẹ ìka sí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi. Ó ní, "Nígbà tí kò bá sí mọ́ ni kí a tó sọ̀rọ̀ oko." Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ lọ, kò sì padà wá mú un.

Adájọ́ ní òun gbọ́dọ̀ rí Yèyé fúnra òun. A wọ báṣé, ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, a lọ sí Àjàṣẹ́. Adájọ́ náà gbọ́ èdè wa, ó dá Faransé dúró, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyá, ẹ mọ obìnrin tó jókòó tì yín yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló máa ń kọ̀wé."

"Ọmọ ta ni?"

Yèyé wò mí dáadáa. "Kò sọ fún mi," ló wí.

Mo wo ilẹ̀. Adájọ́ wá ní, "Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó lọ sí Àjàṣẹ́."

"Ìyá, Àjàṣẹ́ la wà yìí."

Yèyé dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ró. Ó ní, "Ṣé òtítọ́ ni? Ẹ jẹ́ n lọ wá a, nígbà náà."

Adájọ́ fọwọ́ sí ìwé kí a tó jáde. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní ẹ̀dà kan jẹ́ tèmi. Mo ti di alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n Yèyé kò gbà kí a lọ sí ibùdókọ̀. Ó mú ọ̀nà ibi tí àwọn aránṣọ wà pọ̀n, ó sì mọ̀ ọ́n láìbéèrè, nítorí ọkọ rẹ̀ ti máa ń mú un lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Mo dì í lọ́wọ́ mú, a ń wọ ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn: ó ga, ó dúdú, ó máa ń fi téèpù kọ́ ọrùn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Èmi náà ń bá a béèrè. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, mo rí i pé mo ti gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Bàbá aránṣọ kan ronú, ó ní, "Ìyá, mo rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ó pẹ́ díẹ̀." Ìyẹn tẹ́ Yèyé lọ́rùn. Ó ní ó rẹ òun, kí a máa lọ sílé.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ alágbàtọ́. Wọ́n gbé mi kúrò ní Lagbé wá sí Ifangni, mo sì ń bá a gbé. Lọ́dọọdún mo ń kọ ìròyìn sí ilé ẹjọ́: ilé wà dáadáa, ìyá ń jẹun, àbúrò olóògbé ló ń ro oko, epo tó ń ti ibẹ̀ wá ni ìyá ń jẹ. Lóòótọ́ ni ọkùnrin náà ń gbé epo wá, ó sì máa ń jókòó jẹun nígbà gbogbo. Kò sí ibì kankan nínú ìwé yẹn tí mo lè kọ ọ́ sí pé mo ń dúró de kí ó pè mí ní ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó máa ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi. Ó ní ó mọ̀wé, ó wà ní Lagbé, yóò wálé tí ọ̀sẹ̀ bá parí. Èmi náà á bá a retí rẹ̀.

Ó kú ní àsìkò tí wọ́n ń kó àgbàdo. Òfin ní kí n kọ̀wé pé iṣẹ́ alágbàtọ́ ti parí, kí wọ́n lè pín ogún. Ìlà méjì péré ni, ó sì gbà mí lóṣù méjì. Oko lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ bí a ti fi ẹnu kò, ilé sì jẹ́ tèmi.

Mo ti dàgbà ju bí Yèyé ṣe wà nígbà yẹn lọ. Láti ìgbà náà, mo ti bá ọ̀pọ̀ opó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, mo mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo máa ń jí, tí mo máa ń dùbúlẹ̀ díẹ̀ láìdìde, bóyá mo lè gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì ní yàrá kejì, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ohun tí a ó jẹ lọ́jọ́ náà.