Ìyá Mi Kúnlẹ̀ Níwájú Ìgbìmọ̀ Omi

Nígbà tí ìjọba ní àwọn yóò tún dáàmù omi wa ṣe, tí àwọn yóò sì ri páìpù tuntun dé ojúlé wa, wọ́n ní ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣèlérí pé òun yóò dáàbò bo odò tó ń ṣàn wọ inú dáàmù náà. Wọ́n ri òpó kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ odò lápá òkè. Láàrin àwọn òpó yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko, kò gbọdọ̀ fọ agolo oògùn apakoríko, kò sì gbọdọ̀ rẹ gbágùúdá. Ìlú wa kò jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wa, kò sí ẹni tí òfin náà kò kàn. A yan ìgbìmọ̀ omi. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé, nítorí pé ohùn mi ròkè.

Tọkàntọkàn ni mo fi gba iṣẹ́ náà. Mo kéde òfin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dé iwájú mọ́ṣáláṣí, mo gun orí àga lọ́jà. Kí n má parọ́, ohùn ara mi dùn létí mi nígbà náà. Mo ní òfin yìí kò ní wojú ẹnikẹ́ni. Ìyá mi jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń mi orí sí i.

Fùfú ni ìyá mi ń ṣe. Òun ló fi rán mi lọ sílé ìwé, àwọn oníbàárà sì ń ti Ìfàkì wá nítorí rẹ̀. Ibì kan wà lókè odò tí omi ti ń rọra lọ, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ gbágùúdá láti ìgbà ọmọge wọn. Ìjọba kọ́ táǹkì kọnkéré fún wọn nísàlẹ̀ dáàmù, wọ́n fa omi ẹ̀rọ sí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kì í jẹ́ kí gbágùúdá tètè rọ̀. Fùfú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní kókó, àwọn ará Ìfàkì sì ń kùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgbìmọ̀, pé kí a bẹ ìjọba kí wọ́n fa omi odò tí kò ní oògùn wá sínú táǹkì yẹn. Wọ́n ní kí a ní sùúrù. Ìyá mi kò ní sùúrù.

Kò pẹ́ tí omi ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kò sì sí ọmọ ibí tí kò mọ òórùn gbágùúdá tó ti kan. Lọ́jọ́ ìmọ́tótó, àwa ìgbìmọ̀ gba etí odò lọ. A bá àwọn àpò nínú omi, wọ́n fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Àǹkárá tí wọ́n ya láti fi so ẹnu wọn, èmi ni mo rà á fún ìyá mi nígbà Kérésìmesì. Alága ìgbìmọ̀ wò mí, ó sì yára gbójú kúrò. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé mi mì.

Òfin ní kí arúfin má pàtẹ lọ́jà fún oṣù mẹ́ta. Bí a bá fìyà jẹ ìyá mi, àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ nìyẹn. Bí a kò bá fìyà jẹ ẹ́, òfin kú, omi gbogbo ìlú sì bàjẹ́. Mo bẹ alága pé kí n má bá wọn jókòó nídìí ẹjọ́ náà. Ó ní ta ni yóò wá ka òfin.

Ìyá mi wọ gbọ̀ngán ìlú, kò jiyàn. Ó ní òun ló ni àwọn àpò náà. Mo dìde, mo ń ka òfin, ohùn mi tó máa ń ròkè kò jáde dáadáa. N kò tíì parí tí ó fi tú gèlè rẹ̀, tí ó fi gèlè náà gbàjá, tí ó sì kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Kò kọjú sí alága. Èmi ni ó kọjú sí.

"Tíṣà, mo bẹ̀ ọ́," ló wí. "Uṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ni mo mọ̀."

Gbogbo ilé dìde. Ta ni yóò jókòó máa wo ìyá tó ń kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí? Èmi náà sáré jáde nídìí tábìlì, mo dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń sunkún. Àwọn àgbà ń pariwo pé èèwọ̀ ni, pé kí ó dìde, pé ọ̀rọ̀ ti tán, a ti dárí jì í. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó bojú wò mí níbi tí mo wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ, kò sí omijé kankan níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láti ilé ló ti mọ ohun tí òun ń bọ̀ wá ṣe. Ojú rẹ̀ tì mí, ojú ara mi sì tún tì mí pé ojú ìyá mi lè tì mí.

Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àpò ti kún òkè odò. Èmi àti alága bá obìnrin kan níbẹ̀, a ní kí ó kó tirẹ̀ jáde. Kò tilẹ̀ bínú.

"Tíṣà," ló wí, "ṣé ìyá yín nìkan ló ní orúnkún ni?"

Alága yí padà. Mo tẹ̀ lé e, a padà wálé. Ní kíláàsì báyìí, bí ẹ̀kọ́ bá kan omi mímọ́, àwọn ọmọ á máa wo ara wọn, n ó sì yára ṣí ojú ìwé tó kàn. Mo ní n kò ṣe akọ̀wé mọ́, wọ́n ní kí n dúró, pé ta ni yóò máa bá àwọn kéde. Kí ni mo tún fẹ́ kéde?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì yà kí mi. Mo bu omi ẹ̀rọ fún un. Ó gbé e kan ẹnu, ó yínmú, ó sì gbé ife náà padà sórí tábìlì.

"Omi yìí ń rùn," ló wí. "Uṣẹ́ wo gan-an ni ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ń ṣe?"

Ó ní kí n lọ ra píọ̀ wọ́tà wá. Mo jáde lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Oníṣọ́ọ̀bù béèrè bóyá mo ní àlejò ni, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ẹni tí í ṣe.