Ìró Opó Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹgbẹ̀fà náírà ni mò ń ta kóńgò iyọ̀ kan ní ọjà Agric, ní Ìkòròdú, nígbà náà. Bí o bá ní ẹgbẹ̀rún lo máa san, màá wò ọ́ láti bàtà títí dé orí, màá sì bi ọ́ bóyá inú ọ̀sà ni mo ti bù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Iyọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá, mi ò kà á tán, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó fi òṣùwọ̀n rẹ́ mi jẹ. Lọ́jọ́ ọjà Ẹ̀pẹ́, màá di àpò iyọ̀ sínú ọkọ̀, màá gbé e lọ fún àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú dá a dúró, owó tí wọ́n fi tì í síta ló fi ra á, àlòkù, ó sì gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀ bí ẹni gbé ọba sórí ìtẹ́. Ẹnu méjì ni ẹ̀rọ náà fi ń gba sídì: ọ̀kan ń ka, ọ̀kan ń kọ. Ó máa ti sídì ìwàásù bọ ti òkè, á ti èyí tó ṣófo bọ ti ìsàlẹ̀, kó tó mu tíì tán, ìwàásù kan á ti di méjì. Àwọn ìyá ìjọ wọn tí kò mọ fóònù lò, tí wọ́n ṣì ń fi sídì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àwọn ni oníbàárà rẹ̀. Bí ìkankan nínú wọn bá ti kú, èmi a kí ọkọ mi kú àdánù ọjà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá bá wa gbé nígbà tí ọkọ tirẹ̀ kú ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ orogún rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ síta kí yẹ̀pẹ̀ sàréè tó gbẹ. Àpò kan àti ìró méjì ló gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Pálọ̀ la tẹ́ ẹní sí fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kọ̀ǹpútà. Màmá náà kò rí irú rẹ̀ rí. Bó bá jí, á kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, tó gbọ́ tí fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́ fùùù, á ní òtútù ń mú un. Á mú ọ̀kan nínú ìró rẹ̀, á fi bò ó. Èmi a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi.

"Ìyàwó wa, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kúkú pọ̀n ọ́n."

Ìkórè ìjọ wọn ń bọ̀, wòlíì sì ti ní kí ọkọ mi kọ ìwàásù òun sí ọgọ́rùn-ún sídì. Ìgbà yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà sọ pé òun ò mọ ẹnu ara òun mọ́. Mi ò parọ́. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, àwo á yọ síta bí ahọ́n. Wọ́n á gbé sídì lé e, á fà á wọlé, iná á tàn. Ṣùgbọ́n lójú dígí, níbi tí orúkọ ẹnu méjèèjì máa ń wà tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan, àfi bí ẹni pé wọn ò bí wọn. Ọkọ mi pa á, ó tàn án. Ó yọ wáyà lára ògiri, ó gbàdúrà, ó tì í bọ̀ ọ́ padà. Ẹ̀rọ yọ ahọ́n, ó fà á padà.

"Bàbá wa, ó ń yọ ṣùtì sí yín," mo ní.

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

"Ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ tún ẹnu ẹ̀ ṣe. Tèmi ò bàjẹ́."

Ẹ óò rò pé ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló máa pè. Rárá o. Àbẹ́là ló rà, ó di ọ̀dọ̀ wòlíì. Nígbà tó dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí pálọ̀, ó ń wo ìró tó wà lórí ẹ̀rọ. Wòlíì ti bi í léèrè ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé rẹ̀, ó ti bi í léèrè kí ni wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ náà, ó sì ti sọ fún un pé aṣọ opó ló di ẹ̀rọ lójú. Ìbéèrè méjì, ìdáhùn méjì, ó sọ èyí tí wọ́n sọ fún un padà, wọ́n sì ní ó ríran.

"Ṣé ìwọ lo ń fi aṣọ òkú bo ẹ̀rọ mi?" ni ọkọ mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Màmá náà wo ẹ̀yìn. Ó rò pé ọmọdé kan ló wà lẹ́yìn òun tí wọ́n ń bá wí. Obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn, kò sì gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Àbúrò mi, kí òtútù má mú un ni mo ṣe bò ó."

"Òtútù! Ọkọ rẹ tí o bò, ṣé kò kú?"

Ó gbé ìró náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Èyí tó dára nínú méjèèjì ni. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó ní wòlíì ti sọ pé tí ọ̀tá bá tún sùn nínú ilé yẹn, gbogbo ilé ló máa kú bí ẹ̀rọ. Màmá jókòó sórí ẹní, ó ń ká aṣọ inú àpò rẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan tó ń ká pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ iyọ̀ mi ló bá mi wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. A kọjá Imota. Nígbà tó yá, ó ní:

"Ìyàwó wa, ta ni yóò máa bò ó báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà bojú wẹ̀yìn wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè. Bí mi ò bá rẹ́rìn-ín, mi ò mọ nǹkan mìíràn tí ǹ bá fi ẹnu mi ṣe nínú ọkọ̀ yẹn.

Àwọn ọmọ orogún ò gbà á sílé. Oníbàárà mi kan tó ń yan ẹja ló fún un ní igun kan níbi tó ń kó igi ìdáná sí, pé kó máa bá òun yí ẹja lórí iná.

Ọ̀tá ti kúrò nílé o, ẹ̀rọ ṣì ń yọ ṣùtì. Nígbà tí ìkórè kù fẹ́ẹ́fẹ́, ojú ti ọkọ mi, ó pe ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agric. Èyí wọlé pẹ̀lú awò dúdú lójú, inú pálọ̀ tí kò sí oòrùn.

"Dádì, nǹkan kékeré ni. Inú ọpọlọ rẹ̀ ló ti dàrú, màá pa àwọn nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀."

Ó pa á rẹ́. Ó tàn án. Kò mọ ẹnu rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní wáyà ni nígbà náà, ó gba owó wáyà, ó ra wáyà wá. Ìgbà tó tú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ láti pààrọ̀ rẹ̀ ló bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan! Ṣé inú òkun lẹ ń gbé kọ̀ǹpútà yín sí ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Níbi tí wáyà ẹnu méjèèjì ti wọ inú pátákó tí gbogbo wáyà rẹ̀ so mọ́, ohun funfun kan ti hó bò ó, irin ibẹ̀ ti jẹra, ó ti di àwọ̀ ewé. Mo fi ìka kàn án, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ni," ni mo ní. Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo àjà.

Díẹ̀díẹ̀ la fi fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ìdin. Láti ọjọ́ tí wòlíì ti ya ẹ̀rọ sí mímọ́ ló ti ń fi omi àdúrà wọ́n ọn ní àfẹ̀mọ́jú, omi pẹ̀lú iyọ̀ àti lọ́fíńdà. Ihò ẹ̀yìn níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ló ń wọ́n ọn sí, torí wòlíì ní ihò imú ni ìyè ń gbà wọlé. Inú àpò ọjà mi ló sì ti ń bu iyọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó tún fi kún un.

"Ẹ ti rẹ ẹ́ ní iyọ̀ dáadáa," mo ní. "Ó ku kẹ́ ẹ gbé e sórí iná bí ẹja."

Ọmọkùnrin yẹn ní kò sí àtúnṣe mọ́, pátákó rẹ̀ ti jẹ tán. Ó gba owó iṣẹ́, ó fi awò rẹ̀ sójú, ó lọ. Ọkọ mi ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé kó máa bọ̀ nílé. Mo ní kó lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ tó fi ń lọ sọ́dọ̀ wòlíì ò tíì kán. Kò lọ.

Ọjọ́ ọjà, mo bá Màmá nídìí èéfín, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Iyọ̀?" ló ní.

"Iyọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó yí ẹja kan, ó yí èkejì. "Sọ fún àbúrò mi pé kó fi ìró mi ránṣẹ́. Bí mo bá ti rí ìró mi, màá bọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yín ni wọ́n ṣe sun ún."

"Mo mọ̀," ló ní.

Nígbà tí mo jíṣẹ́, ọkọ mi ní òun máa ta ẹ̀rọ náà fi ra ìró mìíràn. Ta ló fẹ́ ra òkú ẹ̀rọ? Onírin kan tó ń ra irin àlòkù kiri ló kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní ẹgbẹ̀rún méjì. Mo bú u, mo bú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọkọ mi gba owó náà, ó ka ọ̀ọ́dúnrún àti àádọ́ta náírà sọ́tọ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ìdámẹ́wàá. Ti wòlíì ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ka ìyókù sí mi lọ́wọ́, pé kí n gbé e fún ẹ̀gbọ́n òun, kó fi ra èyí tó bá wù ú. Kò sí ìró tí owó yẹn lè rà, àfi tí wọ́n bá ń ta etí rẹ̀ lásán.

Màmá nu èéfín kúrò lójú, ó la àtẹ́lẹwọ́, mo kó o lé e. Ó wò ó.

"Èló ni mo tó lójú rẹ̀?"

Mo kà á fún un: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti àádọ́jọ náírà.